Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin tí Èmi àti Ará Mẹ́lítà Jọ Ní

Beam Park, Dagenham, London.
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ọ̀pẹ, 2023.

Wúrà, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́? Fọlákẹ́ ọmọ mi ń kí ọ, Adégbọlá ọkọ rẹ̀ ń kí ọ. Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ wọn náà ń kí ọ. Ó bi mí lédè òyìnbó pé ṣé àǹtí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn yẹn ni. Mo ní òun ni, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé kà ju ìwọ lọ.

Arákùnrin Dávídì, ará ìjọ wa níbí, ń bọ̀ wálé wá sìnkú ìyá rẹ̀ ní Òde, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Fọlákẹ́ ní kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Mo ní ojú èmi àti ìwọ kò gba lẹ́tà wínníwínní yẹn mọ́.

Wúrà, ilé yìí dákẹ́ jù. Kí aago méje tó lù láàárọ̀, Fọlákẹ́ ti lọ sí ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọkọ rẹ̀ ti lọ wa rélùwéè. Èmi á mú ọmọ dé ilé-ìwé. Láti ìgbà yẹn títí di aago mẹ́ta ààbọ̀, èmi nìkan ni. Ilé tuntun ni gbogbo àdúgbò yìí, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í kíni. Mo kí ọkùnrin kan ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá mo gbé pàǹtí jáde, ìró àti bùbá nìkan ló wà lára mi. Kí n tó yíjú padà, ilẹ̀kùn ti ti ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú, fóònù wà nínú. Òjò ń rọ̀, òtútù sì ń gé mi lẹ́sẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ìkẹrin, nísàlẹ̀, ìyá arúgbó kan ló ṣí i, òyìnbó tí kò ga ju Ayọ̀mípọ̀sí lọ. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ó kàn ní, "Ẹ yà, ẹ yà." Mo rò pé Yorùbá ló ń sọ! Mo bá yà. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ olóògbé fún mi, ó tan ẹ̀rọ amúlémóoru, ó fún mi ní búrẹ́dì tí wọ́n ra tòmátì àti òróró mọ́. Ibẹ̀ ni mo wà títí Adégbọlá fi dé.

Catherine ni orúkọ rẹ̀, ó ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mo ní ṣé ọmọ London ni. Ó ní rárá o, Mọ́ltà. Ìyẹn Mẹ́lítà, Wúrà! Mẹ́lítà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ sí, tí ejò so mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kò kú! Èmi rò pé ibẹ̀ ti parẹ́ láyé. Ó ní látọjọ́ náà ni ejò erékùṣù àwọn kò ti ní oró mọ́. Nígbà tí mo ń lọ, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí Álà bù kún mi, mo sì ṣe àmín. Ó ní ní oṣù Èrèlé àwọn yóò gba ààwẹ̀ Rándan.

Bá mi fi sùtánà mi kejì rán Dávídì. Èyí tí mo kó wá ti gbó lápá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìbíyẹmí.


Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí yín yóò ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Ẹ bá mi kí Fọlákẹ́ àti ará ilé rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú un lọ bá Màmá Ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni Álà? Èwo ni ààwẹ̀ Rándan? Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ìjọ Aládùúrà, tí ẹ ń wọ sùtánà kí eyín yín tó ká? Ẹ wá ṣe àmín sí i! Màmá Ìjọ ti gbé ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kalẹ̀ nítorí yín, èmi ni mo sì ń gbà á. Bí inú bá ń run mí, kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fà á.

N kò bá ìmàle jà. Jannah tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, olùkọ́ iléekéwú ni, òun ló sì ń bá mi pọn omi. Ṣùgbọ́n Jannah kì í fi Pọ́ọ̀lù bojú. Ìyá tó ń pe Álà, tó tún ní ará Mẹ́lítà lòun, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ẹ ní oṣù mẹ́fà lẹ ń lọ lò. Ọdún kejì rè é. Òjò ti wọ àjà yàrá yín, mo ti gbé ibùsùn yín sún mọ́ ògiri. Kòkòrò ti jẹ sùtánà yín kejì, nítorí náà mo rán tuntun. Ìwọ̀n tí mo mọ̀ ni mo fi gé e. Bóyá ẹ ti sanra, bóyá ẹ ti rù, n kò mọ̀.

Àbúrò yín,
Wúrà.


Beam Park, Dagenham.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé, 2024.

Wúrà ọmọ ìyá mi,

Sùtánà dé o. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Apá rẹ̀ bá mi mu rẹ́gí, ìbàdí rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Mo ti rù díẹ̀, má jẹ́ kó dùn ọ́. Mo fi ọṣẹ ìwẹ̀ mẹ́fà àti egbòogi tí dókítà fi ń ra ẹsẹ̀ sínú àpò arábìnrin ìjọ wa tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Sọ fún Màmá Ìjọ kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Kátólíìkì paraku ni Màmá Catherine, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ló jọba lórí erékùṣù wọn láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, èdè wọn kò bá wọn lọ. Ó dà bí ìgbà tí àlejò sùn nílé ẹni, tó gbàgbé fìlà sílẹ̀, tí onílé wá ń dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run ní Álà, tí wọ́n sì ń pe Lẹ́ńtì ní Rándan. Òní gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwa náà dé fìlà yẹn. Mò ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnnì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó nàka sí i, ó ní "básla". Mo ní "àlùbọ́sà". Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó nàka sókè lójú fèrèsé, "séma". Mo ní "sánmà". Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, "bárka". Mo ní "àlùbáríkà". Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ kiri inú ilé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.

Ohun tó fà á tí mo fi ń wá ọ̀rọ̀ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ń jò kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rosemary, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé ní Southend, sọ fún mi pé dókítà ní ọpọlọ ìyá òun ń kú lọ. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èdè ilé nìkan ló sì ń ṣẹ́kù báyìí. Rosemary kò gbọ́ èdè náà, wọn kò kọ́ ọ. Àwọn tó ń wá wẹ̀ fún un lójoojúmọ́ rò pé ìsọkúsọ ló ń sọ.

Bó bá rí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, ó máa ń sọ̀tàn fún mi. Ó ní aago méjì ló máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọ̀kan ń sọ òótọ́, èkejì ń parọ́, kí Sàtánì má baà mọ àkókò tí ìsìn ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja wọn a kun ojú méjì síwájú ọkọ̀ ojú omi, kí ọkọ̀ lè ríran. Ìyá rẹ̀ máa ń da aṣọ dúdú kan borí tó le gbandi bí ìgbòkun, bí atẹ́gùn bá fẹ́, yóò dì í mú kó má baà gbé e lọ. Nígbà ogun Hítílà, bọ́ǹbù rọ̀ lé wọn lórí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ ihò sínú òkúta, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi àmì-ẹ̀yẹ dá gbogbo erékùṣù lọ́lá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kékeré ni nígbà náà. Ó ní àmì-ẹ̀yẹ kò ṣeé jẹ, búrẹ́dì làwọn ń retí.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, mo gbọ́ igbe rẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Mo wọlé. Obìnrin tó wá wẹ̀ fún un dúró, ó ń fọwọ́ lérí. Màmá Catherine ń na ère Pọ́ọ̀lù kékeré kan sí wa, ó ń sunkún, "Ftíla! Ftíla!" Obìnrin náà ní kí ni ìyẹn. Mo ní fìtílà! Ọjọ́ àjọ̀dún ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù tó fọ́ ni, wọn kì í sì jẹ́ kí ọjọ́ náà lọ láìtanná níwájú rẹ̀. Mo lọ́ òwú, mo da òróró sínú àwo, mo tàn án bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe é. Kíá ló dákẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń pè mí ní ohun kan tó dà bí ọ́tì.

Ẹ̀rọ inú àjà tó máa ń gbóòórùn èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í han. Gbogbo ilé tú jáde sínú òtútù. Fọlákẹ́ bínú gan-an. "Mummy, ẹ tanná nínú ilé ẹni ẹlẹ́ni? Ẹ fẹ́ kí wọ́n pe pólíìsì sí mi ni?" Mo ní mo tan fìtílà ni. Ó ní, "Níbí, iná ni wọ́n ń pè é." Ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Rosemary náà ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ pé kí àlejò kankan má wọlé.

Ayọ̀mípọ̀sí bá mi wá "ọ́tì" lórí fóònù. Ó ní "arábìnrin mi" ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Èmi ni,
Ìbíyẹmí.


Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ọṣẹ dé, egbòogi dé.

Mo ti gbọ́ ti aago méjì. Mo ti gbọ́ ti ọkọ̀ olójú. Mo sì ti gbọ́ pé ẹ ti rí arábìnrin mìíràn.

Ẹ ní ìyá yẹn ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí, àánú rẹ̀ sì ṣe yín tí ẹ fi ń kọ́ èdè rẹ̀. Ẹ ṣeun. Èmi ńkọ́? Nígbà tí etí mi ń di, ọjọ́ wo lẹ jókòó tì mí tí ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ kiri inú ilé? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dákẹ́. Ẹ ní ọ̀fun ń dùn yín láti máa pariwo. A ó jẹun tán, ẹ ó kó àwo, ẹ ó wọ yàrá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Fọlákẹ́ ránṣẹ́ pè yín, ẹ sì yára lọ bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Wúrà.


Beam Park, Dagenham.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Igbe, 2024.

Wúrà,

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo ya á.

Òótọ́ lo sọ. Mo sá ni. Ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́ jẹ́ òótọ́, ọmọ rẹ̀ nílò ẹni tí yóò máa mú un wálé, ṣùgbọ́n ǹ bá ti wí fún un pé kó dúró díẹ̀. N kò dúró. Bí mo bá pè ọ́ tí o kò yíjú, ẹ̀rù máa ń bà mí, bí ẹni pé mo ti kú tí n kò mọ̀. N kò lè sọ èyí fún ọ lójú, mo wá ń fi àwo kíkó ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sá fún ìdákẹ́rọ́rọ́ tìrẹ, mo wá bá òmíràn níbí. Dárí jì mí.

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ Màmá Catherine fún ọ mọ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Rosemary wá kan ilẹ̀kùn wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti lẹ ìwé yẹn. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní ìyá òun kò jẹun mọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá. Fọlákẹ́ wo èmi, ó wo obìnrin náà, ó ní, "Mummy, ẹ lọ." Mo bọ́ ọ, ó jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé kò lè dá gbé mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó kan lápá Eastbrook. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Kì í sábà mọ̀ mí.

Kọ̀wé sí mi. Bí èébú tilẹ̀ ni, kọ ọ́.

Ìbíyẹmí.


Dagenham.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdù, 2024.

Wúrà,

Arábìnrin tí mo fi lẹ́tà ìṣáájú rán ti padà dé. Ó ní ìwọ kò jáde sí òun, obìnrin oníbòjú kan ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà, tó ní o ń sinmi. Láago mọ́kànlá àárọ̀? Ìwọ tí kì í sùn lọ́sàn-án?

Mo pe fóònù Màmá Ìjọ, ó ní o ní kí òun má sọ ohunkóhun. Wúrà, kí ni kò gbọdọ̀ sọ?

Ìbíyẹmí.


Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kejì oṣù Agẹmọ, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín láti orí ibùsùn, ẹ má bínú pé n kò lè kúnlẹ̀.

Ọ̀kadà ló gbá mi ní ọ̀nà ọjà, ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí mo kọ lẹ́tà burúkú yẹn. Ọlọ́kadà ní òun fọn fèrè títí. Ó fọn ọ́n lóòótọ́, gbogbo ọjà ló gbọ́, èmi nìkan ni n kò gbọ́. Egungun ìbàdí ni. Mo ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún yín. Inú ṣì ń bí mi. Mo sì mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó wá nítorí egungun, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ egungun ni yóò mú yín wá.

Jannah ló ń tọ́jú mi. Òun lẹ pè ní obìnrin oníbòjú. Nígbà tí n kò rí nǹkan ṣe, mo kó gbogbo lẹ́tà yín jáde, mo ń kà wọ́n. Mo rò pé inú mi ni mo ti ń kà á. Àṣé mò ń ké e síta! Jannah kọ ọ́ sí ìwé fún mi pé gbogbo àgbàlá ló ń gbọ́, àwọn aláàárù tó ń simi lábẹ́ igi òrombó ti mọ̀tàn aago méjì, wọ́n sì ti ń jiyàn lórí èyí tó ń parọ́. Ojú tì mí. Ó ní kí n má dákẹ́ o, ibi tí mo dé wọ́n ń retí.

Ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún mi ní èdè Lárúbáwá, ó ní òótọ́ ni, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Nítorí náà mo gba ohun tí mo sọ nípa ìyá yẹn padà. Báwo ló ṣe wà?

Wúrà.


Beam Park, Dagenham.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Agẹmọ, 2024.

Wúrà mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, mo sì gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀.

Màmá Catherine ti lọ. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí. Èmi àti Rosemary la wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára mi, ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ọ́tì, ẹ yà. Ọ́tì, ẹ yà," títí èémí fi tán.

Àwa mẹ́sàn-án péré la sìnkú náà. Mo wọ sùtánà tí o rán, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lé mi. Lẹ́yìn rẹ̀ Rosemary fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ohun tí ìyá mi ń sọ yẹn?" Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń bi mí, Wúrà. Mo ní, "Ó ń pe arábìnrin rẹ̀ kó wá." Ó ní, "Ìyá mi kò ní arábìnrin kankan."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó gbé àpótí kan wá bá mi. Lẹ́tà ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti Mẹ́lítà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Èyí tó kẹ́yìn, ọdún 1971. Lẹ́yìn rẹ̀ kò sí mọ́. Ó ní ṣé mo lè kà á. Mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó jọ tiwa péré ni mo mọ̀, pẹ̀lú ẹ yà àti ọ́tì. Mo wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bárka ló wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, níbi tí ènìyàn ti máa ń kí ẹni pé ó dàbọ̀. Ìyókù, n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò mọ ẹni tí kò dáhùn mọ́ nínú Màmá Catherine àti ẹni tó ń kọ̀wé sí i, tàbí ohun tó dé. Rosemary jókòó sórí àga wa, ó ń yẹ àwọn ìwé náà wò síwá sẹ́yìn bí ẹni tí yóò rí ojú ọ̀nà nínú wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí Fọlákẹ́ ṣe wọlé, mo ní, "Mò ń lọ sílé." Ó ní, "Mummy, bí ẹ bá lọ, kò dájú pé ìjọba ibí yóò tún jẹ́ kí ẹ wọlé." Mo ní mo mọ̀. Ó ní ta ni yóò máa mú ọmọ wálé? Mo ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó, kí wọ́n rò ó. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ayọ̀mípọ̀sí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Èyí ló dùn mí jù, nítorí n kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí yóò dàgbà, bó bá sì yá ó lè máà rántí ohùn mi.

Kì í ṣe egungun rẹ ló ń mú mi bọ̀. Mo ti pinnu kí lẹ́tà rẹ tó dé. Bi Màmá Ìjọ, ọjọ́ kẹfà oṣù yìí ni mo bi í nípa ọkọ̀ láti Ìkẹjà.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ògún ni n ó balẹ̀.

Ìbíyẹmí.


Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kejìlá oṣù Ògún, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àfẹ́kù. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ bá mi fẹnu ko Ayọ̀mípọ̀sí lẹ́rẹ̀kẹ́, kí ẹ ní àǹtí tí kò gbọ́ràn ló ní kó máa kọ̀wé sí òun, òun yóò dáhùn.

Wọ́n ti tún àjà yàrá yín ṣe. Ó ṣì ń rùn díẹ̀, ẹ máa fara dà á.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ má pè mí láti ẹ̀yìn. Ẹ má pariwo. Ẹ wá dúró síwájú mi níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Jannah ti ń kọ́ mi bí a ṣe ń fi ojú ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Ẹnu Jannah nìkan ni mo tíì mọ̀ kà, n kò tíì mọ tiyín. Yóò gbà wá ní àkókò.

Wúrà.